Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Òtútù Dé, Ọkọ̀ Fẹ́ Ṣí, Ta Ni Yóò Dúró Ti Ilé?

LẸ́TÀ KÌN-ÍN-NÍ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Maryland ni mo ń gbé. Ẹni ọdún 63 ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Ọkọ mi ra ọkọ̀ oníìgbòkun kan tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 36, ó sì ti ń tún un ṣe bọ̀ láti ìgbà náà. Ó ní tó bá di oṣù October, kí á ṣíkọ̀ ní Annapolis, kí á máa tẹ̀lé omi lọ sí Florida, bóyá kí á tiẹ̀ dé Bahamas, kí á má padà wálé títí di April. Òtútù ibí kò bá a lára mu mọ́, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń tọ́jú ọmọ méjì fún ọmọbìnrin wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 91, wà ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí kò jìnnà sí wa. Ọmọ mi bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ sá fún wa ni?" Àwọn ìyá ìjọ ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní àṣà òyìnbó ni kí tọkọtaya àgbà máa gbé inú ọkọ̀ kiri. Ọkọ mi sì ní bí n kò bá lọ, òun á dá lọ. Ẹ gbà mí o.

— Ìyá àgbà ọmọ méjì, Maryland

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Lẹ́tà yín kún. Ohun tí ọkọ fẹ́ wà níbẹ̀, ohun tí ọmọ sọ wà níbẹ̀, ohun tí ìjọ ń wí náà wà níbẹ̀. Mo wá ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ títí, n kò rí i. Ṣé ó wù yín kí ilẹ̀ máa mọ́ bá yín lójú omi, àbí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín? Ṣé ẹ ti sùn nínú ọkọ̀ náà rí tí òjò sì ń rọ̀? Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lésì, ẹ kọ́kọ́ fún ara yín. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wà fún ẹni tí àjò ń wù ṣùgbọ́n tí ilé ń fà á láṣọ. Bí kò bá wù yín rárá, ẹ sọ ọ́ fún ọkọ yín kedere, ẹ má fi ọmọ-ọmọ ṣe àwáwí.

Ọ̀rọ̀ àṣà òyìnbó yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú. Èpẹ́ ni wọ́n bí mi sí, etí ọ̀sà. Àwọn ìyá ìyá wa ń wọkọ̀ lọ ná ọjà Èjìnrìn, wọ́n ń wọkọ̀ dé Èkó, wọ́n ń sùn sí ọ̀nà àjò, wọ́n sì ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyáálé, fún àbúrò, fún ìyá ọkọ. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní òyìnbó. Òwe tí àwọn ìyá ìjọ pa dára, èmi náà máa ń pa á. Ṣùgbọ́n ọjà tí òwe náà ń wí kì í ṣe ọjà àgbà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá lọ, ta ni àgbà tó kù lọ́jà? Ohun tó yẹ kí wọ́n bi yín nìyẹn, ó sì yẹ kí ọ̀kan nínú wọn dìde kó ní, "Èmi nìyí."

Àwọn èèyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe àlejò lórí omi yìí rárá. Teddy Seymour dá nìkan wa ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé ká, ó parí ìrìn náà ní 1987. Bill Pinkney, ọmọ Chicago, ṣíkọ̀ ní Boston ní 1990 nígbà tó wà ní ẹni ọdún 54, ó gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà àti ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà kọjá, ó sì padà sí Boston ní 1992. Ọ̀nà tí ọkọ yín fẹ́ gbà gan-an, ọwọ́ àwọn ẹrú ló gbẹ́ apá kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kúrò ní Norfolk, ẹ lè gba kánáàlì Dismal Swamp, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ní 1793, tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 1805. Àwọn èèyàn wa ló dúró nínú omi dúdú yẹn pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Àwọn mìíràn sá wọ inú irà náà lọ, wọ́n kọ́ ilé sórí ilẹ̀ gbígbẹ àárín rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ ní òmìnira. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù St. Simons ní Georgia kọjá, níbi tí àwọn Ìgbò tí wọ́n kó lẹ́rú ti rìn wọ inú omi Dunbar Creek ní 1803 dípò kí wọ́n sìn. Bí ẹ bá sì dúró ní Beaufort ti South Carolina, ẹ wá ọkọ̀ ilẹ̀ dé Sheldon. Abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà níbẹ̀, tí Ọba Efuntola Adefunmi Kìíní tẹ̀ dó ní 1970. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín nínú ìjọ pé ti òyìnbó ni, ẹ rọra kó gbogbo ìwọ̀nyí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. Ohun kan ṣoṣo ni mo dì mú, gbogbo ìyókù sì tẹ̀lé e: ẹni tó ní ìyá àgbàlagbà àti ọmọ kékeré nílé kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà tí kò ti ní lè tètè padà.

Ọ̀nà méjì ló wà láti Annapolis lọ sí gúúsù. Èkíní ni kí ẹ gba ẹnu Chesapeake jáde sí òkun gbalasa, kí ẹ yí Cape Hatteras ká. Èkejì ni kí ẹ gba inú. Ọ̀nà inú ni mo fọwọ́ sí fún yín, kò sì sí ohun tí ọkọ yín máa sọ tí màá yí i padà. ICW ni àwọn atukọ̀ ń pè é, ìyẹn Intracoastal Waterway. Norfolk ní Virginia ni wọ́n ti ń ka máìlì rẹ̀, ó sì tó nǹkan bíi máìlì 1,090 kó tó dé Miami. Odò, ọ̀sà àti kánáàlì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra, tó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi, erékùṣù ló wà láàárín ọkọ̀ àti òkun. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Èkó gba Èpẹ́ lọ sí ìhà Ìlàjẹ rí ti mọ irú omi tí mò ń sọ.

Kì í ṣe ìgbì nìkan ni mo ń rò tí mo fi yàn án. Ọ̀nà yìí ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú ńláńlá kọjá. Norfolk, Charleston, Savannah, Jacksonville, gbogbo wọn ló ní pápákọ̀ òfuurufú. Bí fóònù bá dún pé ara Màmá kò yá, ẹ ó so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ẹ ó san owó fún àwọn tó ni ibẹ̀ kí wọ́n máa bá yín wò ó, ẹ ó sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má kọjá sí Bahamas lọ́dún àkọ́kọ́. Láti Miami sí Bimini kò ju nǹkan bíi máìlì òkun 50 lọ, ṣùgbọ́n ìṣàn omi ńlá kan wà láàárín wọn, Gulf Stream, tó ń ṣàn lọ sí àríwá tọ̀sán-tòru. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ bọ̀ láti àríwá, òun àti omi á pàdé, ìgbì á ga, á sì le bí ògiri. Kò sí atukọ̀ olóye tó ń kọjá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúró de ojú ọjọ́, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé lè pè nígbàkígbà kò yẹ kó wà ní òdìkejì omi yẹn. Florida tó yín fún ọdún yìí. Ní ìlú Marathon ní ìsàlẹ̀ Florida, ní èbúté Boot Key Harbor, okùn tí wọ́n ti dè sísàlẹ̀ omi fún ọkọ̀ àlejò ju 200 lọ, àwọn tó wà níbẹ̀ sì máa ń kí ara wọn lórí rédíò láàárọ̀, wọ́n á sọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó ń lọ, àti ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ kò ní dá wà.

Ohun tí ọkọ yín kò tíì sọ fún yín ni pé kò pọn dandan kí ẹ bá a wọkọ̀ láti Annapolis dé ìparí. Oṣù October sí November lójú ọ̀nà inú kì í ṣe fàájì. Òtútù ṣì ń mú láàárọ̀, ilẹ̀ ń tètè ṣú, máìlì 40 sí 50 lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun ń rìn, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì fi ń rìn ín jù. Omi ọ̀sà Albemarle Sound ní North Carolina kò jìn, nítorí náà afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni yóò ru ú sókè. Ní Georgia, omi ń kún ó sì ń fà tó ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́sàn-án. Àwọn ibi kan wà, bíi Jekyll Creek àti Little Mud River, tó jẹ́ pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ nígbà tí omi bá fà tán yóò jókòó sórí ẹrẹ̀ títí omi á fi padà kún. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín wá ọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà náà, kí àwọn méjèèjì jọ gbé ọkọ̀ dé Charleston tàbí St. Augustine. Kí ẹ̀yin wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a níbẹ̀ nígbà tí ètò ọmọ bá ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo mọ̀ lójú omi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó wọn kò sì tú. Èyí náà ni èsì mi fún "n ó dá lọ" tó ń sọ. Ẹnì kan lè dá wa ọkọ̀ gba ibẹ̀, àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n afárá tó ń ṣí, omi tí kò jìn àti wákàtí mẹ́jọ nídìí ìtọ́kọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò rin ọ̀nà náà rí. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n yín kan tó mọ omi ló wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yín ló dùn mí jù. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń bẹ̀rù. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù October ló ń rò, nígbà tí yóò múra iṣẹ́ tí kò ní sí ẹni tí yóò sùn ti àwọn ọmọ. Ẹ má sọ fún un pé "Ọlọ́run á ṣe é" kí ẹ sì máa di ẹrù. Ẹ jókòó tì í nísinsìnyí, kí oṣù púpọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ kò dárúkọ bàbá àwọn ọmọ náà nínú lẹ́tà yín. Níbo ló wà? Bí ó bá wà nílé, alẹ́ mélòó ló lè gbà nínú ọ̀sẹ̀? Ṣé ọ̀gá ọmọ yín lè gbé e sí iṣẹ́ ọ̀sán fún ìgbà òtútù? Ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń kún, ẹ lọ forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ kó tó pẹ́. Màá sì sọ èyí láìfi bò: bí ọkọ yín bá lówó àtira ìgbòkun tuntun, ó lówó láti bá ọmọ rẹ̀ san oṣù méjì àkọ́kọ́ fún ẹni tí yóò máa sùn ti ọmọ. Kí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n lójú yín, kí wọ́n ti bá a ṣeré, kí wọ́n ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn, ẹ ra àwòrán ilẹ̀ ńlá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Bí Pinkney ṣe ń yí ayé ká, àwọn ọmọ ilé ìwé ní Chicago àti Boston ń tẹ̀ lé e láti ibì kan dé ibì kan. Kí ọmọ-ọmọ yín náà máa gún pín-ìn-nì sí ibi tí bàbá àgbà sùn lánàá. Èyí kékeré kò ní lóye àwòrán, ohùn ló mọ̀. Ẹ máa pè é láàárọ̀ lórí fóònù tó ń gbé àwòrán, kí ẹ máa ki oríkì rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ṣe nílé. Kí ẹ sì dá ọjọ́ àbọ̀ fún gbogbo wọn, ọjọ́ gan-an, kì í ṣe "nígbà tí òtútù bá lọ." Bí ẹ bá tún lè fi ọjọ́ kan sáàárín, kí ọmọ yín kó àwọn ọmọ wá bá yín ní St. Augustine nígbà Kérésì, àjò náà kò ní gùn tó bẹ́ẹ̀ lójú wọn.

Màmá ńkọ́? Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkàn yín, tí ẹ kò kọ, ni pé ẹ̀rù ń bà yín kí Màmá má lọ kí ọmọ rẹ̀ má sí nítòsí. Ẹ̀rù tó tọ́ ni. Kí ọkọ yín lọ bá dókítà Màmá, kó béèrè bí ara rẹ̀ ti rí ní tòótọ́. Bí dókítà bá ní ó ń rẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kí ọkọ̀ dúró dé ọdún tó ń bọ̀. Òtútù ọdún kan kì í pa ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé e sórí ilẹ̀, kí wọ́n sì fa omi inú páìpù rẹ̀ jáde. Bí Màmá bá sì le, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ bí ẹ kò bá sí, kí lọ́yà bá yín ṣe é, kí ilé ìtọ́jú náà ní ẹ̀dà. Kí ẹnì kan máa lọ wò ó ní ọjọ́ tí ẹ máa ń lọ gan-an, kí ó má baà máa wo ẹnu ọ̀nà lásán. Kí owó tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ ẹni méjì wà lọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ra epo.

Ohun méjì kékeré kù. Ìjì líle Àtìláńtíìkì ń jà láti June 1 títí di November 30, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ààlà kan ṣáájú rẹ̀. Ẹ ka ìwé tiyín kí ẹ tó mú ọjọ́. Èkejì, ẹ̀yin kò tíì pé 65 tí Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbà, ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìnṣọ́ránsì ìlera yín lè má mọ dókítà kankan lẹ́yìn Maryland. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa san ní Florida. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ gba ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Houston ni mo wà. Bàbá wa, ẹni ọdún 68, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń gbé ọkọ̀ bọ̀ láti Virginia lọ sí Florida. Ó ṣèlérí pé òun á máa pè lálaalẹ́. Láti ọjọ́ mẹ́ta, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Àbúrò mi ní ká pe Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi ìjọba, ṣùgbọ́n Mọ́mì ní ká má dójú ti Bàbá. Kí la máa ṣe?

— Àkọ́bí, Houston

ÌDÁHÙN

Mo ti bá ẹni yìí sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ìwé ìròyìn yìí tó jáde. Àlàáfíà ni bàbá rẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ ló dá wọn dúró ní ìhà Alligator River ní North Carolina, níbi tí igbó àti omi pọ̀ ju òpó fóònù lọ. Mo tẹ ìdáhùn yìí nítorí àwọn ọmọ mìíràn tí bàbá wọn máa lọ.

Ọmọ mi, àbúrò yín ló gba ọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ṣèlérí ìpè lálaalẹ́ bá dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ pe èbúté tó sùn sí kẹ́yìn, ẹ béèrè bóyá ó ti lọ àti ibi tó ní òun ń lọ. Bí ẹ kò bá rí èsì tó mọ́gbọ́n dání, ẹ pe Coast Guard. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni, wọn kò sì ní bínú bí Bàbá bá ti ń jẹun nínú ọkọ̀ lálàáfíà.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kí ọkọ̀ tó ṣí ni ìwé ìrìn àjò. Ẹ jẹ́ kí Bàbá kọ ọ́: orúkọ ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀, gígùn rẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà rédíò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MMSI, orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, oògùn tí wọ́n ń lò, ibi tí wọ́n fẹ́ sùn lálaalẹ́. Kí fọ́tò ọkọ̀ náà wà nínú fóònù yín. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni wákàtí àdéhùn. Kì í ṣe "n ó pè yín lálẹ́." Kó jẹ́ pé "bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn mi títí di ago méjìlá ọ̀sán ọ̀la, ẹ pe ẹni báyìí, bí ó bá di ago mẹ́fà, ẹ pe Coast Guard." Bí àdéhùn bá wà, Mọ́mì kò ní máa bá àbúrò yín jà lórí ohun tó yẹ kí ẹ ṣe.

Ẹ̀rọ náà wà. Bí ọkọ̀ bá ní AIS, ẹ̀rọ tó ń fi rédíò kéde ibi tí ọkọ̀ wà, tó sì jẹ́ èyí tó ń fi ara rẹ̀ hàn, kì í ṣe èyí tó kàn ń gba ti ẹlòmíràn, ẹ lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá wà nítòsí àwọn tó ń gbà á. Nínú igbó irà Georgia, ó lè pòórá fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ojú sátẹ́láìtì ránṣẹ́ ló dára jù, irú inReach. Ó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn, ó ń gbé ọ̀rọ̀ kúkúrú, ó sì ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Owó ìlò rẹ̀ lóṣooṣù kò pọ̀ jù fún ẹ̀yin ọmọ láti dá san. Ẹ ra á fún un, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ máa ṣọ́ ọ. Ẹ sọ pé Mọ́mì ni ẹ fẹ́ kó máa rí oorun sùn.

LẸ́TÀ KẸTA

Ìyá wa, èmi ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Peckham. Ọ̀rẹ́ mi tó wa ọkọ̀ lọ sí Bahamas nígbà òtútù tó kọjá ní òun gbọ́ pé Yorùbá wà níbẹ̀ tipẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

— Ọmọ Abẹ́òkúta, London

ÌDÁHÙN

Òótọ́ ni, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ń gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn kan wá sí Bahamas. Yorùbá wà nínú wọn. Nàngó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ tó jọ Nàgó tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Brazil àti ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní Fox Hill, lẹ́bàá Nassau, wọ́n dá àdúgbò tiwọn tí wọ́n ń pè ní Nango Town, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Congo Town ti àwọn ará Kóńgò.

Èyí tó máa ya yín lẹ́nu ni owó dídá. Àwọn ará Bahamas títí dòní ń kó owó jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, ẹnì kan á kó o, ó kan ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. "Asue" ni wọ́n ń pè é. Èsúsú wa ni. Nọ́ọ̀sì ń dá a, tíṣà ń dá a, ẹni tó ń ta ẹja létí omi ń dá a, wọ́n sì ń fi í sanwó ilé ìwé ọmọ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Bí ọ̀rẹ́ yín bá tún lọ, kó bá ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń tajà ní Nassau sọ̀rọ̀ nípa asue, kó sì sọ fún un pé èsúsú ni wọ́n ń pè é ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan á sọ wọ́n di ọ̀rẹ́.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ lọ nígbà òtútù máa ń bá Junkanoo, eré ìlù àti aṣọ aláràbarà tí wọ́n ń ṣe lóru December 26 àti lóru ọdún tuntun. Ayẹyẹ Fox Hill fúnra rẹ̀ bọ́ sí oṣù August, ní Tuesday kejì, láti ṣe ìrántí òmìnira. August sì jẹ́ àkókò ìjì líle, nítorí náà kí ọ̀rẹ́ yín má gbé ọkọ̀ lọ nígbà yẹn. Kó wọ ọkọ̀ òfuurufú.